Bí Òṣìṣẹ́ Súpámákẹ́ẹ̀tì ní Ilé-Ifẹ̀ àti Iléṣà Ṣe Lè Gba Owó Oṣù Tó Jọjú

Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ ní súpámákẹ́ẹ̀tì mọ̀ pé kì í ṣe iṣẹ́ ìjókòó. Ẹ ó já ọjà, ẹ ó to pẹpẹ, ẹ ó gbálẹ̀, ẹ ó dá oníbàárà lóhùn, kí ẹ sì tó ráyè jẹun, ilẹ̀ á ti fẹ́ẹ́ ṣú. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá wọlé tọ ọ̀gá lọ pé "Iṣẹ́ yìí wúwo, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi owó kún un," ìdáhùn ti wà lẹ́nu rẹ̀: àwọn tó ń wá iṣẹ́ pọ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀gá kì í sanwó òógùn. Èrè tó wọlé àti òfò tí kò ṣẹlẹ̀ ló máa ń sanwó fún, kò sì lè sanwó fún ohun tí kò rí. Nítorí náà, iṣẹ́ tó wà níwájú yín ni kí ẹ mọ iye tí ìdí ọjà yín (apá ṣọ́ọ̀bù tó wà níkàáwọ́ yín) ń mú wọlé àti iye tí ẹ ò jẹ́ kó sọnù, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì gbé e síwájú ọ̀gá nígbà tí ara rẹ̀ balẹ̀. Ẹ fi oṣù mẹ́ta sílẹ̀ fún un. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ lónìí tó sì béèrè owó lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ kò tíì ní nǹkan kan lọ́wọ́.

1. Ẹ ṣírò iye tí wákàtí kan yín jẹ́

Owó oṣù nìkan máa ń tanni jẹ. Ẹ ka wákàtí tí ẹ ń lò lẹ́nu iṣẹ́ lọ́sẹ̀ kan, ẹ fi 52 sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ pín in sí ọ̀nà 12. Iyẹn ni wákàtí yín lóṣù. Ẹ wá fi pín owó oṣù yín.

Ká ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Lagere ń san ₦50,000, aago méje àárọ̀ sí aago méje alẹ́, ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀. Wákàtí 72 ni lọ́sẹ̀, 312 lóṣù. Wákàtí kan kò ju nǹkan bíi ₦160 lọ. Ká ní òmíràn ní Mayfair ń san ₦45,000, ṣùgbọ́n wákàtí mẹ́jọ péré lóòjọ́. Wákàtí 208 ni lóṣù, ₦216 sì ni wákàtí kan. Ẹni tó fi èyí ìkejì sílẹ̀ lọ síbi èyí àkọ́kọ́ nítorí ₦5,000 ti ta ara rẹ̀ lọ́pọ̀.

Ẹ yọ owó ọkọ̀ náà kúrò. Kẹ̀kẹ́ Màrúwá ₦300 ní àlọ, ₦300 ní àbọ̀, ọjọ́ 26 lóṣù, ₦15,600 ti jáde nìyẹn. Ṣọ́ọ̀bù tí ẹ lè fẹsẹ̀ rìn dé, bí owó rẹ̀ tilẹ̀ fi ₦10,000 dín, òun ló sàn. Ìdí tí a fi fi èyí ṣáájú ni pé nígbà tí ọ̀gá bá sọ pé òun ò lè fi owó kún un, ẹ lè béèrè pé kó dín wákàtí kù, ẹ ó sì mọ iye tí ìyẹn jẹ́ gan-an.

2. Ẹ mọ ohun tí òfin sọ kí ẹ tó lanu

Láti oṣù keje ọdún 2024, ₦70,000 lóṣù ni owó tó kéré jù tí òfin orílẹ̀-èdè yìí gbà kí a san fún òṣìṣẹ́. Ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun fi tiẹ̀ sí ₦75,000 fún àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba lópin ọdún náà. Ẹ má tíì sáré gbé e lọ bá ọ̀gá o. Òfin yẹn kò de ibi iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ wọn kò tó 25, kò sì de ẹni tó ń ṣiṣẹ́ àbọ̀ ọjọ́ tàbí ẹni tó jẹ́ pé kọmíṣọ̀n ni wọ́n ń san fún un. Ọ̀pọ̀ súpámákẹ́ẹ̀tì ìlú wa kò ní òṣìṣẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ẹ ka orí: kàṣíà, sítọ́kípà, agbálẹ̀, ọlọ́dẹ, awakọ̀. Bí ẹ bá pé 25, ẹ ní ẹsẹ̀ òfin láti dúró lé. Bí ẹ ò bá pé, ẹ ṣì lè dárúkọ iye náà gẹ́gẹ́ bí ohun tí gbogbo ìlú mọ̀, ṣùgbọ́n ẹ má fi halẹ̀.

Labour Act, ìyẹn òfin iṣẹ́, ní tirẹ̀ sọ àwọn nǹkan tó kan òṣìṣẹ́ ṣọ́ọ̀bù kékeré pẹ̀lú. Ọ̀gá gbọ́dọ̀ fún òṣìṣẹ́ ní ìwé àdéhùn kí oṣù mẹ́ta tó pé tó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ wákàtí mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lóòjọ́ ní ẹ̀tọ́ sí ìsinmi tí àpapọ̀ rẹ̀ tó wákàtí kan. Ọjọ́ kan nínú ọjọ́ méje jẹ́ ti ìsinmi. Lẹ́yìn oṣù 12, ó kéré tán, ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́fà ni ìsinmi tí wọ́n á sanwó rẹ̀ fún yín. Ibi tí òṣìṣẹ́ bá ti tó 15, ètò owó ìfẹ̀yìntì di dandan: ọ̀gá á san ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún, òṣìṣẹ́ á san ìdá 8.

Èyí tó kan àpò jù ni ti ọjà tó dín. Ó ti di àṣà káàkiri pé bí wọ́n bá ka ọjà tí kò pé, wọ́n á pín gbèsè rẹ̀ sórí gbogbo òṣìṣẹ́. Òfin kò gbà bẹ́ẹ̀. Kí ọ̀gá tó yọ owó nítorí òfò, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ pé òṣìṣẹ́ náà ló mọ̀ọ́mọ̀ fà á tàbí pé àìbìkítà rẹ̀ ló fà á, kí ọ́fíṣà Labour, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́, sì ti fọwọ́ sí i nínú ìwé ṣáájú. Àpapọ̀ ohun tí wọ́n bá sì yọ lóṣù kan kò gbọ́dọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́ta owó oṣù lọ. Ọ̀nà tó dára jù láti lo ìmọ̀ yìí kì í ṣe kí ẹ ka òfin lé ọ̀gá lórí. Ẹ fi béèrè pé kí kálukú ní ìdí ọjà tirẹ̀, kí wọ́n sì máa ka ọjà fún un nígbà tó bá ń gbà á àti nígbà tó bá ń fi lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Ibẹ̀ ni ìwé yín ti bẹ̀rẹ̀.

3. Ẹ ra ìwé kan, ẹ fa ìlà sí i

Ìwé olójú-ewé 60 tó. Ìlà méje ni kí ẹ fà: ọjọ́, orúkọ ọjà, iye tó wọlé, iye tó bàjẹ́ tàbí tí déètì rẹ̀ kọjá, iye tó kù, iye tí a rà á, iye tí a ń tà á. Ẹ má dúró de kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù. Ohun tí wọ́n tẹ̀ sínú rẹ̀ nìkan ni kọ̀ǹpútà mọ̀. Kò mọ̀ pé páálí ìsàlẹ̀ ti rin, kò sì mọ̀ pé eku ti jẹ bisikíìtì mẹ́ta.

Bí wọn kò bá sọ iye tí wọ́n ra ọjà fún yín (ọ̀gá mìíràn kì í fẹ́ kí òṣìṣẹ́ mọ̀ ọ́n), ẹ fi iye tí a ń tà á ṣe ìṣirò. Òfò náà á hàn bákan náà.

Ìṣirò kan wà tó yẹ kí gbogbo ẹni tó wà nídìí fíríìjì mọ̀ sórí. Ká ní yógọ́ọ̀tì kan wọlé ní ₦600, a sì ń tà á ní ₦750. Èrè ₦150 ni. Bí mẹ́rin bá bàjẹ́, ₦2,400 ti lọ. Kí owó yẹn tó padà, ẹ ní láti ta mẹ́rìndínlógún mìíràn, èrè kankan ò sì ní sí lórí gbogbo rẹ̀. Ìyẹn ni pé ẹni tó gba mẹ́rin là ti ṣe iṣẹ́ ẹni tó ta mẹ́rìndínlógún. Bí ẹ bá lè ṣàlàyé èyí fún ọ̀gá nínú gbólóhùn méjì, yóò mọ̀ pé ẹni tó mọ ọjà ló ń bá òun sọ̀rọ̀.

Àṣìṣe kan tún wà tí kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yín níyì: ọjà tí a rà ní ₦800 tí a tà ní ₦1,000, èrè rẹ̀ jẹ́ ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún owó tí a fi rà á, ṣùgbọ́n ìdá 20 ni lórí owó tí a tà á. Ẹ mú ọ̀kan, ẹ má pààrọ̀ wọn láàárín ọ̀rọ̀.

4. Ẹ dí ihò tí owó ń gbà jáde

Ibí ni owó oṣù yín wà. Títa ọjà púpọ̀ kò sí lọ́wọ́ yín tán. Tí OAU bá ti pa, Ifẹ̀ á dákẹ́, bí ASUU ṣe daṣẹ́ sílẹ̀ fún oṣù mẹ́jọ ní ọdún 2022. Ṣùgbọ́n òfò wà lọ́wọ́ yín lójoojúmọ́.

*Nígbà tí ọjà bá ń wọlé.* Ẹ má fọwọ́ sí ìwé awakọ̀ kí ẹ tó kà á. Awakọ̀ á máa pariwo pé òun ṣì ń lọ sí Iléṣà tàbí Oǹdó kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ jẹ́ kó máa pariwo. Ẹ ka páálí, ẹ ṣí èyí tí tépù rẹ̀ bá dà bíi pé wọ́n tún un lẹ̀, ẹ gbé èyí tó bá fúyẹ́ ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sórí òṣùwọ̀n, ẹ wo ìsàlẹ̀ páálí bóyá ó rin. Ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC àti déètì lára ọjà fúnra rẹ̀, kì í ṣe lára páálí nìkan. Èyí tó bá dín, ẹ kọ ọ́ sára ìwé awakọ̀ kí òun náà tó fọwọ́ sí i. Páálí tó bá dín lẹ́nu géètì tí ẹ ò kọ sílẹ̀, ẹ̀yin ni wọ́n máa sọ pé ẹ jí i lọ́jọ́ tí wọ́n bá ka ọjà.

*Lórí pẹpẹ.* Èyí tí déètì rẹ̀ máa kọ́kọ́ kọjá ni kó wà níwájú. Gbogbo èèyàn mọ òfin yìí. Ohun tó ń bà á jẹ́ ni ìkánjú. Ọjà tuntun dé, pẹpẹ ti ṣófo díẹ̀, òṣìṣẹ́ á kàn ti tuntun síwájú. Ẹ kó ti àtijọ́ sílẹ̀ ná, ẹ nu pẹpẹ, ẹ to tuntun sẹ́yìn, ẹ wá dá àtijọ́ padà síwájú. Oníbàárà tó gbọ́n á ṣì na ọwọ́ sẹ́yìn o, nítorí náà ẹ máa wo ẹ̀yìn pẹ̀lú. Fi máákà kọ oṣù àti ọdún tí déètì máa kọjá sára páálí ní nọ́ńbà gàdàgbà, kí ẹni tó dúró lẹ́nu ọ̀nà sítọ́ọ̀ lè kà á.

Ìgbà tí ẹ ó máa yẹ déètì wò: búrẹ́dì, lójoojúmọ́, yógọ́ọ̀tì, wàrà tútù àti àkàrà òyìnbó, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, bisikíìtì àti ohun mímu, lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, ohun inú agolo, lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Èyí tó bá ku oṣù kan, ẹ kọ orúkọ rẹ̀ àti iye rẹ̀, ẹ fi han ọ̀gá kó lè dín owó rẹ̀ kù. Kí a ta yógọ́ọ̀tì ₦600 ní ₦650 nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ kan sàn ju kí a dà á nù lọ. Èyí tí déètì rẹ̀ ti kọjá kì í ṣe ọjà mọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ nu déètì kúrò tàbí kí ẹ lẹ òmíràn mọ́ ọn, ẹ má ṣe é. Bí NAFDAC tàbí wolé-wolé bá dé, ẹni tó wà nídìí ọjà ni wọ́n máa kọ́kọ́ bi.

*Nídìí fírísà.* Ẹran, ẹja àti adìyẹ gbọ́dọ̀ wà ní òtútù 18 sísàlẹ̀ òdo lórí ìwọ̀n Celsius, fíríìjì kò sì gbọ́dọ̀ ju 4 lọ. Òṣùwọ̀n òtútù kékeré kan nínú fírísà kọ̀ọ̀kan ló máa sọ òótọ́ fún yín. Ìka ọwọ́ kì í sọ ọ́. Ẹ so ìwé kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ fírísà: aago tí iná lọ, aago tí wọ́n tan jẹnẹrétọ̀, aago tí iná dé. Fírísà tó kún dáadáa tí wọn kò ṣí lè mú òtútù rẹ̀ dúró fún nǹkan bíi wákàtí 48; èyí tó kún dé ìdajì, nǹkan bíi 24. Ooru tiwa lè dín in kù, ṣíṣí rẹ̀ fún oníbàárà lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan sì máa dín in kù dandan. Nítorí náà, bí iná bá lọ, ẹ kó ohun tó wà nínú fírísà méjì tó kún dé ìdajì sínú ọ̀kan, ẹ ti i pa, ẹ lẹ ìwé mọ́ ọn pé kí ẹnikẹ́ni má ṣí i. Ẹja tó bá ti yọ́ pátápátá, ẹ má dá a padà kó tún dì. Áísìkiriìmù tó bá ti yọ́ rí máa ń sọ ara rẹ̀: á lọ sílẹ̀ nínú ike, á sì ní yìnyín wẹ́wẹ́ lójú. Oníbàárà á dá a padà, kò sì ní tún ra nǹkan lọ́wọ́ yín mọ́. Bí yìnyín ara ògiri fírísà bá ti nípọn tó ìka ọmọńdinrín, ẹ sọ fún ọ̀gá kí wọ́n yọ́ ọ kúrò; iná tó ń jẹ nígbà náà pọ̀.

*Ìrẹsì, ẹ̀wà àti ṣúgà tí ẹ ń dì sínú ọ̀rá.* Àpò 50 kílò kan yẹ kó di ọ̀rá 50 tó jẹ́ kílò kọ̀ọ̀kan. Bí ẹni tó ń dì í bá fi gíráàmù 20 péré lé e lórí nínú ọ̀rá kọ̀ọ̀kan, kílò kan ti lọ lẹ́yìn àádọ́ta ọ̀rá, kò sì sẹ́ni tó jí i. Ẹ gbé òṣùwọ̀n sórí tábìlì tí kò mì, ẹ dá a padà sí òdo lẹ́yìn tí ẹ bá gbé abọ́ òfìfo lé e, ẹ tẹ́ ọ̀rá ńlá sílẹ̀ kí èyí tó bá dà má bàa lọ. Ẹ má fi gíráàmù dín kù o. Obìnrin tó ti ń fi kóńgò ra ìrẹsì ní ọjà Atakumosa kò nílò òṣùwọ̀n kó tó mọ̀ pé ẹ rẹ́ òun jẹ.

*Nídìí kàṣíà.* Ohun méjì ló ń mú kí ọjà tàbí owó dín láìjẹ́ pé òṣìṣẹ́ jí i. Àkọ́kọ́ ni nọ́ńbà onílà (bákóòdù) tó wà lára ọjà. Bí núdù aládùn adìyẹ àti aládùn àlùbọ́sà bá jẹ́ iye kan náà, tí oníbàárà sì kó méjèèjì pọ̀, kàṣíà tó ń kánjú á fi ẹ̀rọ wo ti adìyẹ kan, á sì tẹ mẹ́wàá. Owó á pé. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n bá ka ọjà, ti àlùbọ́sà á dín, ti adìyẹ á lé, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ sí wo yín lójú. Kí ẹ tó gba gbèsè kankan, ẹ wo bóyá ohun tó jọ ọ́ lé. Nọ́ńbà 13 ló máa ń wà lábẹ́ ìlà náà. Bí ẹ bá ń fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́, ẹ kà á jáde ní mẹ́ta-mẹ́ta. Èyí tó bá fi 615 bẹ̀rẹ̀, Nàìjíríà ni wọ́n ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀.

Ìkejì ni álẹ́ẹ̀tì ayédèrú. Ẹ má wo fóònù oníbàárà láti mọ̀ bóyá owó ti wọlé, ì báà jẹ́ ọmọ yunifásítì tó wọṣọ dáadáa, ì báà jẹ́ alàgbà. Fóònù ṣọ́ọ̀bù nìkan ni ẹ ó wò, ẹ ó sì wo iye owó tó wà nínú àkáǹtì, kì í ṣe mẹ́sẹ́jì nìkan, nítorí wọ́n lè fi mẹ́sẹ́jì ayédèrú ránṣẹ́. Bí fóònù ṣọ́ọ̀bù bá wà lọ́wọ́ ọ̀gá nílé, ẹ ti rí nǹkan kan tí ẹ máa bá a sọ: kí fóònù kan wà lórí káńtà.

5. Ẹ kọ́ iṣẹ́ kan tí ẹlòmíràn níbẹ̀ kò mọ̀

Títo pẹpẹ, ọ̀sẹ̀ kan ni wọ́n fi ń kọ́ ọ. Ohun tó ń mú kí ọ̀gá bẹ̀rù pé kí ẹ má lọ ni nǹkan tó máa gba oṣù mẹ́ta kí ẹlòmíràn tó mọ̀ ọ́n. Nínú ṣọ́ọ̀bù ìlú wa, mẹ́ta ló níyì jù. Ọ̀kan ni Excel: kí ẹ lè fi to ọjà, kí ẹ fi ro àpapọ̀, kí ẹ fi wá èyí tó tà jù àti èyí tí kò tà rárá láàárín oṣù mẹ́ta. Ìkejì ni ètò inú kọ̀ǹpútà tí ṣọ́ọ̀bù fi ń tajà. Ẹ bẹ ẹni tó fi í síbẹ̀ kó kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń fi ọjà tuntun sí i àti bí wọ́n ṣe ń tún ohun tí wọ́n ṣì tẹ̀ ṣe. Ìkẹta ni ọjà rírà: kí ẹ mọ ìgbà tí ó yẹ kí a tún ra ọjà kan. Bí ọjà kan bá ń tà mẹ́fà lóòjọ́, tí ó sì máa ń gba ọjọ́ mẹ́rin kó tó dé, ẹ pè é nígbà tó bá ku 24, ẹ fi díẹ̀ kún un ní àsìkò tí akẹ́kọ̀ọ́ bá ń wọlé tàbí nígbà Ọlọ́jọ́.

Ẹ jẹ́ kí àwọn rẹ́ẹ̀pù ilé-iṣẹ́, ìyẹn àwọn aṣojú tó ń polówó ọjà ilé-iṣẹ́ fún ṣọ́ọ̀bù, mọ̀ yín dáadáa pẹ̀lú. Àwọn ló mọ ṣọ́ọ̀bù tó ń wá súpávísọ̀ ní Òṣogbo àti Ìbàdàn, àwọn ilé-iṣẹ́ wọn náà sì máa ń gba àwọn tó ń bójú tó ọjà wọn nínú súpámákẹ́ẹ̀tì.

6. Ẹ béèrè

Àsìkò ni ìdajì rẹ̀. Ẹ béèrè lẹ́yìn tí wọ́n bá ka ọjà tí tiyín sì pé, tàbí nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ ti wọlé fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ọjà ń yá. Ẹ má béèrè lọ́jọ́ owó oṣù, lálẹ́ Sátidé, lọ́sẹ̀ tí owó dísẹ́ẹ̀lì bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gòkè, tàbí níwájú òṣìṣẹ́ ẹgbẹ́ yín. Ẹ kọ́kọ́ gba àyè: "Ẹ kú iṣẹ́, Mà. Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ kí ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, kí ilẹ̀kùn tó ṣí. Lórí ọ̀rọ̀ ìdí fírísà ni." Ọ̀gá tí wọ́n bá ká mọ́ kì í sọ ju "rárá" lọ.

Iye tí ẹ máa béèrè kò gbọ́dọ̀ ju ìdajì ohun tí ẹ gbà là lóṣù. Bí òfò ìdí ọjà yín bá jẹ́ ₦38,000 lóṣù kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, tó wá di ₦9,000, ẹ ti gba ₦29,000 là. Ẹ béèrè ₦12,000 bí ẹ bá fẹ́ gba ₦8,000 tàbí ₦10,000. Ọ̀rọ̀ náà kò gbọ́dọ̀ gùn:

"Mà, ìwé ìdí fírísà rèé láti oṣù kẹta. Nígbà yẹn, ohun tó ń bàjẹ́ tó ₦38,000 lóṣù. Oṣù tó kọjá, ₦9,000 ni. Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí kọ aago iná sílẹ̀, mo sì ń yẹ déètì wò lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Mo fẹ́ bẹ̀ yín kí ẹ fi ₦12,000 kún owó oṣù mi láti oṣù tó ń bọ̀."

Lẹ́yìn náà, ẹ dákẹ́. Àwọn kan máa ń bẹ̀rẹ̀ sí ṣàlàyé owó ilé, owó iléèwé ọmọ, àìsàn ìyá. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń sọ ohun tí ẹ ti fi iṣẹ́ gbà di ọrẹ. Ẹ má fi ẹlòmíràn wé ara yín náà. "Lágbájá ń gbà jù mí lọ" máa ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín ẹ̀yin méjèèjì, ọ̀gá á sì bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Bí ó bá ní "Ọjà ò yá," ẹ fi ìwé hàn án: iye tó tà lóṣù yìí àti lóṣù tó kọjá. Bí ó bá ní "Jẹ́ kí n rò ó," ẹ béèrè ọjọ́: "Ó dára, Mà. Ṣé kí n padà wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀?" Kí ẹ sì padà lọ lọ́jọ́ náà gan-an. Ará Iléṣà kò nílò kí a kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń tẹ̀lé owó. Òṣómàáló wà nínú ẹ̀jẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ ọ̀gá, ẹ̀rín músẹ́ ni kí ẹ fi tẹ̀lé e.

Bí ó bá gbà, ẹ fi mẹ́sẹ́jì WhatsApp kan ránṣẹ́ sí i lálẹ́ ọjọ́ náà: "Ẹ ṣeun, Mà, fún ₦10,000 tí ẹ ní ẹ máa fi kún un láti oṣù keje." Kò sí ẹ̀bùrú níbẹ̀, ìdúpẹ́ ni, ó sì ti di ẹ̀rí.

7. Bí ó bá kọ̀ láti fi owó kún owó oṣù

Ẹ béèrè kọmíṣọ̀n lórí ohun tó bá lé. Ká ní ìdí ọjà yín máa ń ta ₦1,500,000 lóṣù. Ẹ ní kí wọ́n fún yín ní ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún lórí ohun tó bá lé síyẹn. Bí ẹ bá ta ₦1,900,000, ₦400,000 ló lé, ₦8,000 ló kàn yín. Ẹ má béèrè ìdá 5. Ọjà tí èrè rẹ̀ jẹ́ ìdá 10, bí ẹ bá gba 5, ẹ ti gba ìdajì èrè. Ọ̀gá tó mọ ìṣirò á rẹ́rìn-ín, á sì kọ̀. Ẹ jẹ́ kó yé ẹ̀yin méjèèjì pé ọjà tí oníbàárà dá padà kò sí níbẹ̀, àti pé bí owó ọjà bá gòkè, ₦1,500,000 náà á gòkè. Ẹ sọ èyí fúnra yín kí òun tó sọ ọ́.

Tàbí kí ẹ béèrè wákàtí: kí ẹ máa lọ ní aago márùn-ún dípò méje. Tàbí owó ọkọ̀. Tàbí oúnjẹ ọ̀sán. Tàbí orúkọ: súpávísọ̀ nínú ìwé, bí owó rẹ̀ ò tilẹ̀ tíì dé, nítorí orúkọ yẹn ni ṣọ́ọ̀bù tó kàn máa bá yín dúnàá dúrà lé lórí.

8. Bí ẹ bá ń lọ

Bí oṣù mẹ́fà bá kọjá tí kò sí ohun kankan, ẹ wá ibòmíràn, ṣùgbọ́n ẹ má fi èyí sílẹ̀ kí ẹ tó rí òmíràn. Ifẹ̀ sí Iléṣà kò jìnnà. Àwọn kan ń lọ, wọ́n ń bọ̀ lójoojúmọ́. Ẹ tún ṣe ìṣirò ìpele kìíní kí ẹ tó gbà, kí owó ọkọ̀ má bàa jẹ èrè tán. Ìwé yín ni ẹ máa gbé lọ síbi ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, ṣùgbọ́n iye òfò àti ohun tí ẹ ṣe sí i nìkan ni kí ẹ sọ. Iye tí ọ̀gá àtijọ́ ń ra ọjà àti ẹni tó ń tà á fún un, ẹ má sọ ọ́. Ẹni tó bá gbọ́ ọ lẹ́nu yín máa mọ̀ pé ẹ ó sọ tòun náà.

Ìwé ìfitónilétí tí òfin béèrè wà: ọjọ́ kan bí ẹ ò bá tíì ju oṣù mẹ́ta lọ, ọ̀sẹ̀ kan títí dé ọdún méjì, ọ̀sẹ̀ méjì láti ọdún méjì títí dé márùn-ún, oṣù kan bí ẹ bá ti lo ọdún márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ kọ ọ́, kí ọ̀gá fọwọ́ sí ẹ̀dà kan fún yín. Ẹ ní kí wọ́n ka ọjà ìdí yín lójú yín lọ́jọ́ ìkẹyìn, kí ẹ̀yin, súpávísọ̀ àti ẹni tó ń gbà á fọwọ́ sí i, kí ẹ sì ya fọ́tò rẹ̀. Bí wọ́n bá gba ojúlówó ìwé ẹ̀rí yín nígbà tí ẹ ń wọlé, ẹ gbà á padà lọ́jọ́ náà. Kí ẹ sì béèrè fọ́ọ̀mù àwọn onídùúró yín: bí wọn kò bá dá a padà, kí wọ́n kọ ọ́ sára rẹ̀ pé àdéhùn náà ti parí, pẹ̀lú déètì, kí orúkọ ẹni tó dúró fún yín má bàa wà lọ́rùn gbèsè ṣọ́ọ̀bù tí ẹ ò sí nínú rẹ̀ mọ́.